Dínósọ̀ orí fóònù àti dínósọ̀ inú ilẹ̀

Ẹni tó bá ń fi Chrome, ètò tí ilé-iṣẹ́ Google ṣe, wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù yóò ti rí ẹranko kékeré kan. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ẹranko náà á yọ, aláwọ̀ eérú, tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Bí a bá fi ìka kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Bí a bá tún kàn án, á fo igi ẹlẹ́gùn-ún kọjá. Ọ̀pọ̀ ọmọdé mọ eré yìí. Àgbàlagbà pẹ̀lú ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹranko wo ni?

Dínósọ̀ ni. Ẹranko ìgbà láéláé ni àwọn dínósọ̀. Àwọn ńláńlá inú wọn parun ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, kí ènìyàn kankan tó wà láyé. Èyí tí ó wà lórí fóònù ni wọ́n ń pè ní Tyrannosaurus. Ọdún 2014 ni àwọn òṣìṣẹ́ Google fi í sínú Chrome. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, a ti padà sí ayé àtijọ́ nìyẹn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe yà á. Onígun-mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n tò jọ, bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀ sára adé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán eré orí kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, nítorí kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lágbára láti gbé àwòrán tó dán. Ti òde òní lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn tó ń yàwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì fẹ́ràn ọnà àtijọ́ yìí. Ó ń rán àwọn tó fi irú eré bẹ́ẹ̀ dàgbà létí ìgbà èwe wọn, bí òórùn àkàrà ṣe ń rán ẹni tó wà lájò létí ilé. Kò sí àléébù níbẹ̀.

Àléébù wà níbi tí a bá ti fi àwòrán tí a fẹ́ràn ṣe ẹ̀rí. Tyrannosaurus tòótọ́ gùn tó mítà 12 láti imú dé ìrù, ó sì wúwo tó erin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ara bẹ́ẹ̀ kò lè máa fò sókè bíi ti orí fóònù. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń yà á bí ẹni pé ó nàró bí ènìyàn, tí ó ń wọ́ ìrù nílẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ egungun wò dáadáa, wọ́n rí i pé ó tẹ ara síwájú ni. Ìrù rẹ̀ nà sẹ́yìn lókè ilẹ̀, kí orí ńlá náà má baà gbé e ṣubú. Ipa ẹsẹ̀ dínósọ̀ tí ó wà lára òkúta náà jẹ́rìí: ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ipa ìrù láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ìrù lọ. Ní ọdún 1923, àwọn awalẹ̀ ará Amẹ́ríkà rí egungun dínósọ̀ kékeré kan lórí ìtẹ́ ẹyin ní aṣálẹ̀ Gobi, ní ilẹ̀ Mongolia. Wọ́n rò pé ẹyin ẹranko mìíràn ni, àti pé ibi tí ó ti fẹ́ jí i jẹ ni ikú ti bá a. Ní ọdún 1924, wọ́n sọ ọ́ ní Oviraptor, èyí tí í ṣe «ajíẹyin». Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó tó nǹkan bí 70 ọdún kí ẹlẹ́rìí kejì tó dé. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, nínú aṣálẹ̀ kan náà, wọ́n rí irú ẹyin yẹn tí egungun ọmọ wà nínú rẹ̀: ọmọ ìdílé Oviraptor ni. Wọ́n tún rí egungun ìbátan rẹ̀ kan tí ó sàba lé ẹyin, tí ó na apá méjèèjì bò wọ́n, bí adìẹ ṣe ń ṣe. Ẹni tí a pè ní olè, òbí ni. Ṣùgbọ́n òfin ìsọlórúkọ ẹranko kò jẹ́ kí wọ́n pa orúkọ náà dà. Orúkọ olè ló ń jẹ́ títí di òní.

Adìẹ tí mo dárúkọ kì í ṣe àfiwé lásán. Ní ọdún 1996, wọ́n kéde dínósọ̀ kékeré kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí ìyẹ́ múlọ́múlọ́ bo ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rí ti ń pọ̀ sí i. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé ìran dínósọ̀ ni gbogbo ẹyẹ.

Nítorí náà, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ẹ ṣe eré yín, kí ẹ sì gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yíjú sí àgbàlá. Ẹ wo bí àkùkọ ṣe ń rìn: ẹsẹ̀ méjì, ara tó tẹ̀ síwájú, ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń tẹ ilẹ̀. Òun sún mọ́ dínósọ̀ tòótọ́ ju àwòrán orí fóònù lọ.