Wèrè tó wọjà ṣì ṣeé wò, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó ìtọ́jú rẹ̀ nílé?

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Wọ́n tún máa ń sọ pé wèrè tó bá ti wọjà, kò ṣeé wò mọ́. Ẹni tó bá ń ná ọjà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, tàbí ọjà ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kejì yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí jáwọ́ lọ́rọ̀ ènìyàn wọn. Bí aláìsàn bá ti ń sùn lábẹ́ ìsọ̀, tó ń ṣa ilẹ̀ jẹ, wọ́n á gbà pé ó ti parí.

Àwọn dókítà ọpọlọ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọjà kọ́ ló ń ba ìwòsàn jẹ́, bí kò ṣe àìtètè rí ìtọ́jú, àti bí aláìsàn ṣe máa ń pa oògùn rẹ̀ tì láàárín ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àrùn ọpọlọ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ṣeé kápá, bí aláìsàn bá ń rí oògùn lò déédéé, tí ẹnìkan sì ń mójú tó o lóṣooṣù. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn: ta ni yóò san owó ẹni tó ń mójú tó o?

Ìwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí àìsàn ọpọlọ bá jà gidigidi láàárín ọdún kan, nǹkan bí 8 péré ló rí ìtọ́jú gbà. Ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 200 mílíọ̀nù ènìyàn, àwọn dókítà ọpọlọ ni wọ́n máa ń sọ pé wọn kò tó 300, ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn retí pé ètò adójútòfò ìlera ìjọba, NHIS, ni yóò gbé ẹrù yìí. Òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì ṣí i ní ọdún 2005. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó sọ NHIS di NHIA, tó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Òǹdó náà ní àjọ tirẹ̀, Ondo State Contributory Health Commission. Lábẹ́ rẹ̀ ni ètò Abiyamọ ti bẹ̀rẹ̀, fún àwọn aboyún àti ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Bí ètò ìjọba àpapọ̀ ṣe ń sanwó rèé. Ilé ìwòsàn kékeré tí ènìyàn bá forúkọ sílẹ̀ sí máa ń gba iye kan náà lórí rẹ̀ lóṣooṣù, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Fún ọdún pípẹ́, ₦750 ni iye náà. Ní ọdún 2025, NHIA sọ ọ́ di ₦1,450. Bí àìsàn bá kọjá agbára wọn, wọ́n á darí aláìsàn sí ilé ìwòsàn ńlá, tí yóò gba owó lórí iṣẹ́ tó bá ṣe.

Ìlànà yìí bá ọ̀rọ̀ ibà mu. Ẹni tí ibà ń ṣe yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, yóò gba oògùn, ó sì lè parí láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú kì í sábà wá fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ gbà pé ara àwọn kò yá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ bá a nílé. Bí nọ́ọ̀sì bá gun ọ̀kadà láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìta-Ògbólú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, inú ₦1,450 yẹn náà ni owó ọ̀kadà yóò ti jáde, kí wọ́n tó sọ ti oògùn. Ilé ìwòsàn tó bá jókòó jẹ́ẹ́ kò pàdánù nǹkan kan. Èyí tó ń tọ aláìsàn lọ ló ń fi owó ara rẹ̀ ṣòfò.

Ìwé ìlànà tí NHIS gbé jáde ní ọdún 2012 tilẹ̀ ka ìbẹ̀wò sílé, àti ìtọ́jú ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún, mọ́ ohun tí ètò náà kò ní sanwó fún. Owó wà fún ẹni tó bá lè dé ilé ìwòsàn. Kò sí fún ẹni tó yẹ kí ilé ìwòsàn tọ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí aráyé ti kọ́ pé ìtọ́jú láàárín ará ìlú ṣeé ṣe. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, l'Ábẹ́òkúta. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan á tẹ̀ lé e wá, wọn á sì jọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú, á padà sáàárín ènìyàn. Lambo kò ta àwọn onísègùn ìbílẹ̀ nù. Ó pè wọ́n mọ́ra. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ètò náà ní owó nídìí: wọ́n yá àwọn ará abúlé lówó kí wọ́n lè mú ilé wọn gbòòrò fún àwọn àlejò wọ̀nyí.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ bí wọ́n ṣe lè dá àrùn ọpọlọ mọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2015, ó sì fi hàn pé nọ́ọ̀sì tí a bá kọ́ dáadáa lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ní Brazil, òfin ọdún 2001 mú kí ìjọba máa gbé owó kúrò ní àwọn ilé ìwòsàn wèrè lọ sí ibùdó ìtọ́jú àdúgbò. Ní ọdún 2003, wọ́n tún ṣe òfin tó ń fún ẹni tó ti pẹ́ nírú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní owó oṣooṣù, kí ó lè padà sílé. Nígbà tó fi di ọdún 2006, owó tí ìjọba ń ná ní àdúgbò ti ju ti ilé ìwòsàn wèrè lọ.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe níhìn-ín kò fara sin. Àkọ́kọ́, kí adójútòfò ya owó ìbẹ̀wò sílé sọ́tọ̀, kí ó san án lórí aláìsàn tí nọ́ọ̀sì bá rí lójúkojú. Ìkejì, kí iye tí wọ́n ń san lórí ẹni tí yóò máa lo oògùn fún ọdún púpọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìkẹta, kí wọ́n fi orúkọ àwọn aláìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ sínú owó àwọn aláìní tí òfin ọdún 2022 dá sílẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tí Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀, ti dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí kò ní owó nídìí, orí ìwé ló ń gbé.

Kí àtúnṣe náà tó dé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹbí. Ẹni tó bá ń dá owó adójútòfò, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn, ṣé àìsàn ọpọlọ wà nínú ohun tí àwọn ń sanwó fún, oògùn wo ni, oṣù mélòó sì ni. Ìyá tó bímọ láyọ̀ lónìí, abísínwín lè dé bá a lọ́sẹ̀ méjì sí i; kí ọkọ rẹ̀ ti béèrè kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Bí ẹbí bá tètè gbé aláìsàn débẹ̀, kí ó tó mọ ọ̀nà ọjà, ìtọ́jú rẹ̀ á rọrùn jù. Bí ó bá sì ti wọjà ná, kí wọ́n lọ mú un padà wá sílé. Ó ṣì ṣeé wò.