Ọmọ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kì Í Sinmi Lóru: Ẹ Má Tètè Pè É Ní Alágídí

Ọ̀pọ̀ òbí ló mọ ìṣòro yìí. Ilẹ̀ á ti ṣú, gbogbo ará ilé á ti fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin á ṣì máa yí kiri lórí ẹní. Á ju ẹsẹ̀ síbí, á jù ú sọ́hùn-ún, á fi ẹsẹ̀ ti ògiri, á ní kí ìyá òun bá òun tẹ ẹsẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ń fọwọ́ ra á, ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ó tún di ẹkún. Bàbá á ní agídí ni. Ìyá àgbà á ní ayé ló ń dà á láàmú. Ará ilé kejì á ní kí wọ́n ra oògùn tí yóò mú un sùn. Nínú gbogbo rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan bi ọmọ náà pé, “Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ gan-an?”

Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní restless legs syndrome. Nínú àlàyé wa yìí, a ó máa pè é ní àìsàn ẹsẹ̀ tí kì í sinmi. Àìsàn tuntun kọ́. Thomas Willis, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1672. Ní ọdún 1945 ni Karl-Axel Ekbom, dókítà ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún tó sì fún un lórúkọ. Fún ìgbà pípẹ́, àgbàlagbà nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2007, tí wọ́n ṣe láàárín ẹbí tó lé ní 10,000 ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, fi hàn pé nínú ọmọ 100 tó wà láàárín ọdún 8 sí 17, bíi méjì ló ní in. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́wàá tó ní in, ó lé ní méje tí bàbá tàbí ìyá wọn náà ní in. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i lára ọmọ, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹsẹ̀ tiyín náà kì í jẹ́ kí ẹ sùn.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀?

Àmì mẹ́rin ló wà tí ó máa ń rìn pọ̀. Èkíní, ó máa ń ṣe ẹni náà bíi kó ṣáà máa gbé ẹsẹ̀. Èkejì, nígbà tó bá jókòó tàbí tó dùbúlẹ̀ ló máa ń le sí i. Ẹ̀kẹta, bó bá dìde tó rìn, tó na ẹsẹ̀ tàbí tí wọ́n bá a fọwọ́ ra á, á fúyẹ́. Ẹ̀kẹrin, ìrọ̀lẹ́ àti òru ló máa ń burú jù. Dókítà á wá rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn mìíràn ló fà á.

Ọmọdé kò lè to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “eèrà ń rìn nínú ẹsẹ̀ mi,” tàbí “ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré,” tàbí “ó ń yún mi nínú eegun.” Òmíràn á ṣáà ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ má sì kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni dókítà yóò fi mọ ibi tí yóò wò.

Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ kò lè sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í kánjú sọ pé àìsàn yìí ló ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òbí lè ṣàkíyèsí ni pé ọmọ ń ju ẹsẹ̀ ṣáá bí oorun bá ti ń kùn ún, pé kì í sùn àfi bí wọ́n bá pọ̀n ọ́n tàbí tí wọ́n ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, pé ó máa ń jí léraléra lóru, tí ara rẹ̀ kì í sì í yá ní ọ̀sán. Bí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sì ní àìsàn ẹsẹ̀, ó yẹ kí dókítà gbọ́.

Kí ló ń fà á?

Ìdí kan ni àjogúnbá, bí a ti wí. Ìdí kejì, èyí tó ṣe pàtàkì jù fún òbí, ni àìtó èròjà irin nínú ara. Àwọn ènìyàn mọ̀ pé irin ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọpọlọ náà nílò rẹ̀. Irin wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine, èyí tó ń bá a darí bí a ṣe ń gbé ara. Bí irin bá dín kù nínú ọpọlọ, iṣẹ́ yìí á dojú rú, ó sì lè jẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọ̀nà tí irin ń gbà dín kù lára ọmọ kò jìnnà sí wa. Irin tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bó bá tó bí oṣù mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ògì lásán ni wọ́n ń fún un lẹ́yìn náà, láìsí ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà, kò sí ibi tí yóò ti rí òmíràn. Ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé kì í gbé irin tó pọ̀ wá sáyé. Wàrà màlúù tó pọ̀ jù, pàápàá kí ọmọ tó pé ọdún kan, kì í jẹ́ kí irin tó. Aràn inú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ àti ibà tó ń ṣe ọmọ léraléra náà ń dá kún un.

Ẹ̀jẹ̀ lè pé kí irin má pé

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣìnà nìyí. Bí wọ́n bá gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò PCV ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún un. Bí èsì bá dára, wọn á ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ pé, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Ẹ fi wé àgbẹ̀ kan: PCV dà bí iṣu tó wà nínú ìkòkò, àyẹ̀wò mìíràn tó ń jẹ́ ferritin ló ń sọ iye iṣu tó kù nínú àká. Ìkòkò lè kún lálẹ́ òní kí àká sì ti ṣófo.

Nítorí náà, ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ferritin ọmọ wò. Bí ó bá wà lábẹ́ 50 nanogram nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, àwọn dókítà tó mọ àìsàn yìí máa ń rò ó láti fún ọmọ ní oògùn irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé láàbù kọ ọ́ pé kò sí ìṣòro. Ẹ ṣọ́ ohun kan: ibà tàbí àìsàn mìíràn lè mú kí ferritin ga ju bó ti yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí ara ọmọ yá tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún un.

Oògùn irin kì í ṣe ohun tí a ń rà fúnra wa. Dókítà ló ń fi ìwọ̀n ara ọmọ ṣírò iye tó yẹ. Ó sábà máa ń tó bí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àká kì í kún lọ́jọ́ kan. Ìgbẹ́ ọmọ lè dúdú. Ìyẹn kò léwu. Omi ọsàn dára láti fi lo oògùn náà, wàrà àti tíì kò dára. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, torí oògùn irin tó pọ̀ lápọ̀jù lè pa ọmọ. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, pàápàá èyí tí wọ́n ti máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ ní kó lò ó, nítorí irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Oògùn tí ń mú ọmọ sùn lè mú un burú sí i

Bí ọmọ kò bá sùn, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n fún un ní Piriton tàbí Phenergan. Oògùn wọ̀nyí máa ń kun ènìyàn lóorun lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wà lára oògùn tó máa ń mú kí ẹsẹ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí tún le sí i. Oorun á máa kun ọmọ, ẹsẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó sùn. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọdọ̀ lo Phenergan rárá, nítorí ó lè dí èémí rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọmọ yín bá ń lo oògùn kan fún ọ̀fìnkìn, èébì tàbí àìsàn mìíràn, ẹ mú páálí rẹ̀ lọ fún dókítà kó rí i. Oògùn tí àgbàlagbà inú ilé ń lò fún ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, ẹ má fún ọmọdé nínú rẹ̀.

Ohun tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Gìrì yàtọ̀ sí i. Ọmọ tí àìsàn ẹsẹ̀ yìí ń ṣe mọ ohun tó ń ṣe, ó ń dá yín lóhùn, ó sì lè dá ẹsẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ bí ẹ bá ní kó dúró. Ọmọ tí gìrì mú kì í dáni lóhùn, ojú rẹ̀ lè yí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, bí ẹ bá tilẹ̀ dì í mú kò ní dúró. Ilé ìwòsàn ni ẹ gbé e sáré lọ; ẹ má da àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu.

Ọmọ tuntun jòjòló náà lè máa ta pọ́n-ún lójú oorun, tí yóò sì dáwọ́ dúró ní kété tó bá jí. Èyí kì í sábà léwu, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá lè ya fídíò rẹ̀, ẹ fi han dókítà.

Ìrora ẹsẹ̀ tó máa ń ṣe ọmọ lálẹ́, tí àwọn àgbà ń pè ní egungun tó ń dàgbà, kì í mú ọmọ fẹ́ máa rìn kiri. Ọmọ SS tí ìrora dé sí náà kì í fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rárá. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó gbóná, tí ọmọ ń tiro, tí ibà wà níbẹ̀, tàbí tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dùn ún, ẹ má dúró dọ̀la.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Oúnjẹ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́ wà lára ohun tó ní irin. Bí ọmọ bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, ẹ fún un ní ọsàn lé e, ọsàn á jẹ́ kí ara gba irin inú rẹ̀. Ẹ dín tíì, ohun mímu kóòlà àti ṣokoléètì kù, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ lo oògùn aràn bí àwọn oníṣẹ́ ìlera bá ti là á kalẹ̀, kí ọmọ sì máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ọmọ ọdún 1 sí 2 nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín ọ̀sán àti òru. Ọmọ ọdún 3 sí 5 nílò wákàtí 10 sí 13. Ẹ jẹ́ kí àkókò oorun wọn dúró sójú kan. Kí wọ́n tó sùn, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ wọ́n, ẹ fọwọ́ ra ẹsẹ̀ wọn, ẹ sì gbé fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kúrò lọ́dọ̀ wọn. Eré ọ̀sán dára fún ẹsẹ̀, àmọ́ kó má jẹ́ ìgbà tí wọ́n fẹ́ sùn gan-an.

A tún fẹ́ bá àwọn olùkọ́ àti àwọn alfa ilé kéú sọ̀rọ̀. Kéú ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí wákàtí tí àìsàn yìí máa ń gbéra, jíjókòó sójú kan lórí ẹní ló sì máa ń le jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò sun oorun tó lóru kì í lè fọkàn sí ẹ̀kọ́, ó sì lè dà bí ẹni tó ń ṣe jàgídíjàgan. Pàṣán kò lè mú ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi. Ẹ jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn níbi tó ti lè na ẹsẹ̀, ẹ máa rán an níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè dìde, kí ẹ sì pe òbí rẹ̀ kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tí ọmọ dùbúlẹ̀, ìgbà tó sùn, iye ìgbà tó jí, ohun tó jẹ, oògùn tó lò, àti ohun tó sọ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Ìwé kékeré yẹn lè gba ọmọ lọ́wọ́ ọdún púpọ̀ tí wọn ì bá fi máa nà án nítorí àìsàn tó ní ìtọ́jú.