Ìgbín Mẹ́ta Tí Kò Jẹ́ Kí A Sùn

Láti ìgbà tí a ti gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí ẹ̀yìn ilé wa ní Kétu ni oorun kò ti kùn wá mọ́. Ìtàn ìlú Miami ní Amẹ́ríkà ni a kà. Ní ọdún 1966, ọmọdékùnrin kan kó ìgbín ńlá mẹ́ta bọ̀ láti Hawaii. Ìyá àgbà rẹ̀ tú wọn sílẹ̀ sínú ọgbà. Lẹ́yìn ọdún méje, èyí tí wọ́n ṣà ti ju 18,000 lọ. Ọdún 1975 ni ìjọba tó rẹ́yìn wọn.

Bí mẹ́ta bá lè di ogun báyìí, kí ni ọ̀kan tó ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa kò lè dà? A gbé àtùpà, a ń ṣọ́ ọgbà bí ọdẹ. Nígbà tí a sọ ẹ̀rù wa fún ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin olùkọ́ yìí! Ẹ ṣáà bá mi pè wọ́n wá, ìkòkò mi ṣófo.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ebè mẹ́rin ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ wa títí dé òpin oṣù sì bá a lọ. Ipa pátákò ló wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ àna wa ni.

Ìgbín, à bá sè é jẹ. Ewúrẹ́ àna ńkọ́? A kí wọn kú àárọ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sì lọ tún ebè kọ.