Ọ̀rọ̀ Tó Wọ Ìwé Akọ̀wé

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa n'Íbàdàn. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù la máa ń ṣèpàdé. Wákàtí méjì la fi ń jókòó, èèyàn bí ogún á sì ti sọ̀rọ̀ kí a tó gbàdúrà ìparí. Síbẹ̀, bí mo bá délé tí mo ṣí ìwé, ojú ewé kan ààbọ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù ti bá atẹ́gùn lọ. Ẹni tó pariwo jù lè má ní ẹyọ gbólóhùn kan nínú ìwé mi, nígbà tí ẹni tó dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á ní ìpínrọ̀ kan gbáko.

Mi ò ṣègbè o. Ìpàdé ò ju pé kí a fẹnu kò síbì kan lọ, ọ̀rọ̀ tó bá sì gbé wa súnmọ́ ibẹ̀ nìkan ni akọ̀wé ń rí kọ.

Nígbà tí tiransifọ́mà wa jó, alága gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Bàbá kan kọ́kọ́ dìde, ó ròyìn bí gbogbo àdúgbò ṣe jẹ́ igbó nígbà tóun kọ́lé. Ẹnìkejì bú àwọn oníná. Ẹnìkẹta ní, "A gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bíírò mi ò tíì kúrò lójú kan. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè wá dìde: "Ẹ kú ìjókòó o. Alága, mo dábàá pé kí ojúlé kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, kó dé ọwọ́ akápò kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, kí èèyàn mẹ́ta sì lọ bèèrè iye tí àtúnṣe máa gbà kí a tó ná kọ́bọ̀ níbẹ̀." Ó jókòó. Ìṣẹ́jú kan ò pé, mo sì ti kọ ohun tí a fẹ́ ṣe, iye tó máa ná wa, ìgbà tó máa parí àti iṣẹ́ tí a máa rán èèyàn mẹ́ta.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Mo kín ìyá lẹ́yìn." Àfi kí a rí ẹni kan sọ bẹ́ẹ̀ kí àbá tó di ọ̀rọ̀ gbogbo wa, nítorí kò yẹ kí èrò ẹnìkan ṣoṣo jẹ àkókò ogójì èèyàn tán. Mo padà gbọ́ pé ìyá náà ti yà nílé méjì lọ́jọ́ Ẹtì láti fi èrò rẹ̀ lọ̀ wọ́n. Àwọn kan pe ìyẹn ní ọ̀tẹ̀. Èmi ò rí ọ̀tẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó fi ọ̀rọ̀ lọ èèyàn méjì ti gbọ́ àtakò méjì nílé kó tó gbọ́ ogún ní gbangba. Látìgbà tí àbá náà ti wà nílẹ̀ ni ẹnu àwọn yòókù ti ríbi dì mú. Ẹni tó ní owó náà pọ̀ jù ní láti dárúkọ iye tó fẹ́. Ìyẹn náà wọ ìwé.

Kì í ṣe àdúgbò wa nìkan ni ọ̀rọ̀ ìpàdé ti ń le. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Henry Martyn Robert, onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Lọ́dún 1863, wọ́n ní kó ṣe alága ìpàdé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní New Bedford. Ìpàdé dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú sì tì í gan-an. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí wọ́n ti ń darí ìpàdé, títí tó fi tẹ ìwé lé e lórí lọ́dún 1876. Ìwé náà, Robert's Rules of Order, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ l'Amẹ́ríkà ṣì ń tẹ̀ lé. Ó ní òfin kan tí mo fẹ́ràn: ẹni tó ti sọ̀rọ̀ lórí àbá kan kò gbọdọ̀ sọ ẹlẹ́ẹ̀kejì níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí kò tíì sọ bá ṣì ń nàwọ́. Òmíràn sì ni pé ìṣẹ́jú 10 ni ọ̀rọ̀ ẹnìkan mọ. Ìṣẹ́jú 10! Lọ́dọ̀ wa, ìkíni nìkan ń jẹ ìdajì rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má kí èèyàn o. Ẹni tí kò kí àgbà kó tó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n "ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kí yín o" ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọ̀rọ̀ ẹnìkan mú: "Níbi tí Alhaji bá ọ̀rọ̀ owó yẹn dé…" Gbogbo ilé á mọ̀ pé ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń tò sínú ni kì í gbọ́ pé ẹlòmíràn ti sọ ọ́ tán. Bí wọ́n bá ti sọ tiyín, ẹ ní ẹ fara mọ́ ọn, kí ẹ jókòó.

Ibi tó le jù ni kí ọmọdé tako àgbà. Ní ìpàdé yẹn náà, bàbá àgbà kan ní ká gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan tóun mọ̀, ká má wulẹ̀ bèèrè iye níbòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá ṣojú bàbá rẹ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀nà kan kò wọjà, tótó ó ṣe bí òwe o." Àwọn àgbà dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ó wá ní, "Ṣé a lè gbọ́ iye lẹ́nu ẹni méjì sí i, ká fi wé ti ẹni tí Bàbá mọ̀?" Bàbá mirí. Òwe àgbà òṣìkà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá náà ìbá bá ọ̀rọ̀ ọ̀hún mu, ṣùgbọ́n bó bá pa ìyẹn, ìpàdé á tú ká.

Àwọn kan wà tí wọ́n á dákẹ́ nínú ilé, tí wọ́n á wá ṣe ìpàdé tiwọn lẹ́nu géètì. Mi ò kì í gbé ìwé mi dé géètì.

Ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo bá ń ka àkọsílẹ̀. Wọ́n á máa kí ara wọn, wọ́n á máa wá àga, bẹ́ẹ̀ bí ilé bá ti fọwọ́ sí ohun tí mo kà, ohun tí a jọ sọ nìyẹn. Ìyá aláṣọ òkè nìkan ló nàwọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé ìpàdé tiransifọ́mà. "Akọ̀wé, ẹ kà á pé 'ayálégbé kọ̀ọ̀kan'. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ni mo sọ." Mo yẹ ìwé wò. Òótọ́ ni. Mo fa ìlà pa "ayálégbé", mo kọ "ojúlé" sókè rẹ̀.