Bí A Ti Ń So Ẹ̀rọ Orin Àpò Mọ́ Ẹ̀rọ Orin Inú Ọkọ̀

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ yìí lè dàbí ohun kékeré ní etí àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ni ó ní ẹ̀rọ kékeré tí ó gbé orin, ìwàásù, tàbí ohùn òbí yín tí ó ti sùn pamọ́, ẹ sì ń fẹ́ gbọ́ wọn ní ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ẹ rà ní ẹ̀rọ orin tirẹ̀, èyí tí kò mọ ẹ̀rọ inú àpò yín rí. Báwo ni a ó ti ṣe tí àwọn méjèèjì yóò fi gbọ́ ara wọn? Ìbéèrè yìí ni a ó dáhùn.

Kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1930 ni Paul Galvin àti àwọn ẹni rẹ̀ ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola jáde. Ní ọdún 1963, ilé iṣẹ́ Philips fi kásẹ́ẹ̀tì han aráyé ní ìlú Berlin. Ní ọdún 1979, Sony ti ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí ta Walkman, tí ènìyàn lè so mọ́ ìgbànú. Ní ọdún 2001, Apple gbé iPod dé, tí ó lè gba ẹgbẹ̀rún orin. Báyìí ni orin ṣe bọ́ sínú àpò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ a máa pẹ́ láyé ju ẹ̀rọ àpò lọ, nítorí náà ni àgbà àti ọmọdé ṣe ń pàdé nínú ọkọ̀ kan náà.

Ohun tí ń jáde láti ẹnu ẹ̀rọ àpò kì í ṣe ariwo. Mànàmáná díẹ̀ ni, tí ń gbọ̀n gẹ́gẹ́ bí orin ti ń gbọ̀n. Iṣẹ́ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ni láti gbà á, láti sọ ọ́ di ńlá, àti láti fi í ránṣẹ́ sí àwọn sípíkà. Gbogbo ọ̀ràn wa kò ju èyí lọ: ẹnu ọ̀nà wo ni a ó gbà wọlé? Àwọn baba wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mẹ́rin ni a ó darúkọ.

Èkínní ni wáyà. Bí ẹ bá rí ihò kékeré tí a kọ AUX sí lára ẹ̀rọ ọkọ̀, ayọ̀ yín kún. Ẹ ki orí wáyà kan bọ ibẹ̀, ẹ ki èkejì bọ ihò tí a ń fi gbọ́ orin létí lára ẹ̀rọ àpò, kí ẹ sì yan AUX.

Èkejì ni kásẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́tàn. Ó jọ kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sí orin kankan nínú rẹ̀. Wáyà kan ti ara rẹ̀ jáde lọ sí ẹ̀rọ àpò. Mànàmáná orin wọ inú rẹ̀, ó di òòfà tí ń yí padà. Orí tí ń ka téèpù nínú ọkọ̀ sì gbà pé téèpù ni òun ń kà.

Ẹ̀kẹta ni rédíò kékeré tí a ń ki bọ ihò tí a fi ń tan sìgá. Òun a máa fọ́n orin náà sí afẹ́fẹ́ láàárín 88 sí 108 lórí FM, rédíò ọkọ̀ a sì gbà á. Ẹ wá ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan. Bí ẹ bá ti Èkó dé Ìbàdàn, ó lè di dandan kí ẹ tún ibòmíràn wá.

Ẹ̀kẹrin ni Bluetooth, tí kò lo wáyà rárá. A sọ ọ́ ní orúkọ ìnagijẹ ọba Harald ti ilẹ̀ Denmark ìgbàanì. Ọkọ̀ tí kò ní in ni ó ń ku ọ̀nà mẹ́ta ìṣáájú fún.

Nísinsìnyí, ẹ̀hónú kan tí a máa ń gbọ́: ohùn kan ń sunkún nínú sípíkà, ó sì ń ga sí i bí ẹ́ńjìnì ti ń yára. Ẹ má bú ẹ̀rọ yín. Bí ẹ bá ń ti ara ọkọ̀ fún ẹ̀rọ àpò ní iná, tí wáyà orin sì tún so wọ́n pọ̀, ọ̀nà ìpadà iná ti di méjì, ariwo ẹ̀rọ tí ń pèsè iná ọkọ̀ sì bá ibẹ̀ wọlé. Ẹ yọ wáyà iná náà. Bí ẹkún bá dákẹ́, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà tí ń jẹ́ kí orin kọjá nípa òòfà láìjẹ́ kí wáyà méjèèjì kan ara wọn. Ní ti ìpele ohùn, ẹ gbé ti ẹ̀rọ àpò sókè dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ fi ti ọkọ̀ tún èyí tí ó kù ṣe.

A kò lè parí láìsọ èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba nǹkan bí mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó bojú wolẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì láti yan orin ti fọ́jú rin mítà 56. Ọmọ tí ń sáré kọjá ọ̀nà kò gbọ́ orin náà. Ẹ so ohun gbogbo, ẹ yan orin yín, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì. Kí Ọlọ́run mú olúkúlùkù wa dé ilé láyọ̀.