Àwọn Ayédèrú Àwòrán Ọ̀gbẹ́ni Meadows

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹni tó bá ti rìn dé ọgbà Southern Methodist University ní Dallas yóò ti rí Meadows Museum. Iṣẹ́ ọnà Spéìn ló kún ibẹ̀. Báwo ló ṣe dé Texas?

Oníṣòwò epo rọ̀bì ni Algur Meadows, ọmọ Georgia, tí wọ́n bí ní 1899. Ní àwọn ọdún 1950, epo ló ń wá lọ sí Spéìn o! Ṣùgbọ́n Prado, mùsíọ́ọ̀mù ńlá tó wà ní Madrid, ló gba ọkàn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra irú àwòrán tó rí níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Virginia, kú ní 1961. Ó kó àwọn àwòrán náà fún yunifásítì, wọ́n sì ṣí mùsíọ́ọ̀mù ní 1965 ní ìrántí obìnrin náà.

Irú ẹ̀bùn yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Amelia Edwards, òǹkọ̀wé tó rìnrìn àjò lọ sí Íjíbítì ní 1873, kú ní 1892, ó fi ohun àtijọ́ Íjíbítì tó kó jọ sílẹ̀ fún University College ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú owó ipò ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Flinders Petrie ló kọ́kọ́ wà nípò náà. Orúkọ rẹ̀ ni mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀ ń jẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Petrie máa ń lọ walẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ ibi tó ti rí nǹkan sílẹ̀. Ẹnu ẹni tó ń tajà ni Meadows gbà gbọ́.

Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní 1967. Ó ti ra àwòrán Faransé rẹpẹtẹ sílé ara rẹ̀ lọ́wọ́ Fernand Legros àti ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn ògbóǹtarìgì wá wò wọ́n, wọ́n ní ayédèrú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Elmyr de Hory, ará Hungary, ló yà wọ́n. Ọkùnrin yìí kì í kàn da àwòrán tó ti wà kọ. Tuntun ló máa ń yà, tí wọn á wá tà á bí ẹni pé Matisse tàbí Modigliani ló yà á. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ayédèrú, tí kì í ṣe àfarawé lásán: irọ́ wà nínú rẹ̀.

Àwọn ti Spéìn tó wà ní yunifásítì ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Ẹlòmíràn ì bá kó wọn pamọ́ nítorí ìtìjú. Ká sòótọ́, bóyá èmi gan-an á ṣe bẹ́ẹ̀. Meadows ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1967 kan náà, yunifásítì gba William Jordan, ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ ọnà Spéìn dunjú, láti máa darí mùsíọ́ọ̀mù. Meadows tún yọ owó sílẹ̀, wọ́n sì jọ ń wá ojúlówó: Velázquez, Goya, Murillo.

Meadows kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1978. Ní 2001 ni wọ́n ṣí ilé tí mùsíọ́ọ̀mù náà wà nísinsìnyí. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá àwòrán Ọba Philip Kẹrin tí Velázquez yà, kí ẹ sì ka káàdì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú ọba.