Ọtí Kì Í Lé Òtútù: Ọjọ́ Kan Tí Mo Fi Lùlù Ní Ìgboro Lọ́ńdọ̀nù

Bí ọyẹ́ bá ti dé, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ni pé kí a fi ife ọtí líle kan lé òtútù kúrò lára. Èmi náà gba èyí gbọ́ fún ogún ọdún. Onílù ni mí, gángan ni mo ń lù, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo sì ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe lo Sátidé kan nínú oṣù kìíní ọdún láìfi ẹnu kan ọtí.

Aago mẹ́fà ni mo jí. Òkùnkùn ṣì kùn, nítorí pé nígbà òtútù lọ́hùn-ún, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ. Mo mu ògì gbígbóná, mo jẹ ẹyin méjì sí i. Oúnjẹ ni ara fi ń dáná. Ẹni tí ebi ń pa kò lè móoru. Nígbà tí mo ń mutí, n kì í jẹun láàárọ̀ rárá. Lẹ́yìn èyí mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì lé e, mo wọ súwẹ́tà onírun àgùntàn méjì, kí n tó wá fi kóòtù bo gbogbo rẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn ni kì í jẹ́ kí ooru sá lọ. (Ìyá mi rò pé agbádá tó. Kò tó.)

Rye Lane ní Peckham ni mo dúró sí, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò rò pé ọjà Dùgbẹ̀ ni òun wà: iṣu, ẹ̀fọ́, pọ̀nmọ́, kò sí ohun tí wọn kò tà. Mo tẹ́ fìlà mi sílẹ̀, mo gbé kọ̀ǹgọ́, ṣùgbọ́n ìlù kò dún. Òtútù tó ní ọ̀rinrin nínú máa ń mú kí awọ ewúrẹ́ dẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Nílé, à bá sá a sí oòrùn. Oòrùn wo? Mo ki gángan bọ inú kóòtù bí ẹni gbé ọmọ pọ̀n síwájú, mo sì dúró títí ohùn rẹ̀ fi padà díẹ̀. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀, mo fi ìlù kí i kú ọjà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ pọ́n-ùn kan sínú fìlà.

Nígbà tó fi máa di aago méjì, ọwọ́ mi ti kú tipiri. Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń kọjá níbẹ̀ dúró, wọ́n sì yọ ìgò pẹlẹbẹ kan láti inú àpò wọn.

"Àbúrò, gbà, fi kan ẹnu. Òtútù yìí lè pa ọ́."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi ọtí sílẹ̀."

"Èmi kò ní kí o mutí. Oògùn ni."

Oògùn kọ́, ẹ̀yin ará. Bí òtútù bá mú wa, ara a fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè dúró ti ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Ọtí a wá ṣí àwọn iṣan náà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a rọ́ wá sí awọ, ojú a gbóná, olúwarẹ̀ a ní òun ti móoru. Bẹ́ẹ̀ ni ooru inú rẹ̀ ń tú jáde bí ti ilé tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lóru ọyẹ́. Gbígbọ̀n tí ara fi ń dá ooru pàápàá, ọtí a dín in kù. Ìwọ̀n 37 ni ooru ara ènìyàn máa ń wà. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 35 lọ, ewu dé. Ní ọdún 2023, wọ́n bá mi lóru ní ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo ti mu yó, mo sì ti bọ́ kóòtù mi sílẹ̀ pé ooru ń mú mi. Nígbà tí wọ́n wọn ooru ara mi ní ilé ìwòsàn, 32 ni.

Ẹ má rò pé mo kàn jí lọ́jọ́ kejì ni mo jáwọ́ o. Ẹni tó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òógùn lè bò ó, gìrì lè gbé e, ó lè máa rí ohun tí kò sí. Àwọn mìíràn kú bẹ́ẹ̀. Dókítà ló fún mi ní oògùn, tí wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith dá sílẹ̀ ní Akron, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1935. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti bi ara mi ní ìbéèrè mẹ́rin bí ọkàn mi bá ń fà sí ìgò: ṣé ebi ń pa mí ni, àbí inú ń bí mi, àbí mo dá wà, àbí ó rẹ̀ mí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ebi ni, àárẹ̀ sì ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a lọ mu tíì." A wọ ṣọ́ọ̀bù kan, a mu tíì oníatalẹ̀, mo jẹ ìrẹsì. N kò na ọwọ́ mi sí iná, nítorí ọwọ́ tó ti kú kì í mọ ìgbà tí iná bá ń jó o. Abẹ́ abíyá ni mo kì í bọ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ní ìpàdé lálẹ́, mo sì sọ irú ìpàdé tí ó jẹ́. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ń ra párága fún awakọ̀ ní gáréèjì láàárọ̀ ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yín náà ni. Bí òtútù bá mú ọmọdé tàbí àgbàlagbà tó ń gbọ̀n, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e pẹ̀lú orí rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ohun mímu gbígbóná tí ṣúgà wà nínú rẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá dá tó sì lè gbé e mì. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́, tàbí tí kò gbọ̀n mọ́ tí ara rẹ̀ sì tutù síbẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó di aago márùn-ún. Mo ka owó inú fìlà: pọ́n-ùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti ogójì pẹ́ńsì. Bí mo ṣe ń di gángan ni ẹ̀gbọ́n mi tún yọ.

"Aago mélòó ni ìpàdé yẹn?"

"Aago méje ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ń bá béèrè."

Mo ní kí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wọn kó wọ aṣọ tó pọ̀, nítorí gbọ̀ngàn náà máa ń tutù.